Ìrẹsì yọ ṣírí ṣùgbọ́n kò lọ́mọ: irú àgàn wo nìyí, kí la sì lè fi ṣe?

ÌrànKejì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi dá lórí ìrẹsì, ìran kejì láti ara ìdàpọ̀ oríṣi méjì. Igi 168 ló yọ ṣírí. 119 nínú wọn gbó dáadáa. Ṣírí àwọn 49 yòókù dúró ṣánṣán, kò tẹ̀, torí pé òfìfo ló wà nínú èèpo. Àpò àtíkè òdòdó wọn tín-ín-rín, ó sì funfun, kò pọ́n bíi ti àwọn tó gbó. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ ju àwọn yòókù lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ojú ọjọ́ ló fà á ni àbí jíìnì? Bó bá jẹ́ jíìnì, ṣé inú kókó sẹ́ẹ̀lì ló wà àbí nínú mitokọ́ńdríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì tó ní jíìnì tirẹ̀? Ṣé a sì lè fi irú àgàn yìí ṣe ìyá irúgbìn háíbíríìdì?

Àtíkè_Òdòdó fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kúrò nílẹ̀, torí òun ló máa ń tan ènìyàn jù.

Ìgbà méjì ni ojú ọjọ́ lè sọ ìrẹsì di àgàn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12 kí ṣírí tó jáde, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì àtíkè ṣẹ̀ṣẹ̀ pín tán. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà yẹn. Bí ojú ọjọ́ bá wà nísàlẹ̀ 20 °C fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí àtíkè ká, tó yẹ kó máa bọ́ ọ, á wú, wọn ò ní tú oúnjẹ sílẹ̀ lásìkò, ebi á sì pa àtíkè kú. Ìgbà kejì ni wákàtí tí òdòdó bá là. Bí ooru bá ju 35 °C lọ nígbà náà, kódà fún nǹkan bíi wákàtí kan, àpò àtíkè lè má là, tàbí kí àtíkè bọ́ sórí abo kó má hù. Àìtó bórónì nínú ilẹ̀ náà máa ń sọ àlìkámà di àgàn akọ, ṣùgbọ́n ìrẹsì máa ń fara da ìyẹn ju àlìkámà lọ.

Báwo lẹ ṣe máa fi ìyàtọ̀ sí i? Ojú ọjọ́ kì í mú igi kan kó fi èkejì tó yọ ṣírí lọ́jọ́ kan náà sílẹ̀. Gbogbo èyí tó bá yọ ṣírí ní ọ̀sẹ̀ kan náà ló máa ń bá, á bà á jẹ́ dé ìwọ̀n kan, ẹ̀ka tó bá sì yọ lẹ́yìn náà á gbó. Tí jíìnì bá ni, igi kan á ṣófo láti ṣírí àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, aládùúgbò rẹ̀ nínú poro kan náà á sì kún fọ́fọ́. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, jíìnì ló jọ. Àmọ́ ẹ má fi ojú nìkan dájọ́.

Ẹ má hú àwọn àgàn náà dànù! Ẹ gé mélòó kan kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lórí ilẹ̀, ẹ fún wọn lómi àti ajílẹ̀ náítírójìn díẹ̀, wọ́n á rúwé, wọ́n á tún yọ ṣírí. Bó bá tún ṣófo nígbà tí ojú ọjọ́ ti yàtọ̀, a ti mọ ibi tí a wà. Bó bá gbó nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀, ẹ tètè sọ fún wa, torí irú àgàn mìíràn tó níye lórí gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àtíkè fúnra rẹ̀. Ẹ já òdòdó tó máa là lọ́jọ́ yẹn, kó tó di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀: ọ̀kan lókè ṣírí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní wò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìpín 70 nínú 100. Àpò àtíkè mẹ́fà ló wà nínú òdòdó ìrẹsì kan. Ẹ kó o sórí gíláàsì, ẹ kán omi áyódíìnì sí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ ṣa ìyàngbò rẹ̀ kúrò, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí ẹ ṣe máa po omi áyódíìnì nìyí: ẹ yọ́ pọ́tásíọ̀mù áyódáìdì gíráàmù 2 nínú omi díẹ̀, ẹ da áyódíìnì gíráàmù 1 sí i, ẹ wá fi omi kún un títí yóò fi pé mílílítà 100. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da áyódíìnì sínú omi lásán, kò ní yọ́ fún un. Ẹ ka hóró àtíkè 300 ó kéré tán. Èyí tó bá rí roboto tó sì dúdú, sítáàṣì ló kún inú rẹ̀. Èyí tó bá wọ́ tí kò gba àwọ̀ ti kú ní kékeré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí o: irú àgàn ìrẹsì kan wà, èyí tí wọ́n ń pè ní BT, tí àtíkè rẹ̀ ń gba àwọ̀ torí pé ìparí ìdàgbàsókè rẹ̀ ló tó kú. Lójú áyódíìnì, ó jọ alààyè. Nítorí náà ẹ fi àpò pépà bo ṣírí mẹ́ta lórí igi kọ̀ọ̀kan kí òdòdó kankan tó là, kí ẹ ka irúgbìn inú àpò lẹ́yìn bí ọjọ́ 20 sí 25. Ohun tí àpò bá sọ ni kẹ́ ẹ gbà.

Àlùbọ́sà_Eléwé kọ:

Ẹ ṣeun, Àtíkè_Òdòdó. Kí ẹni tó ń ka èyí lórí ohun ọ̀gbìn mìíràn má bàa gbé ọ̀nà áyódíìnì lọ síbi tí kò yẹ, mo fẹ́ fi kún un pé sítáàṣì ni áyódíìnì ń wá. Àtíkè ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà kún fún sítáàṣì nígbà tó bá gbó. Ti kábéèjì àti sunflower kò rí bẹ́ẹ̀, òróró ló kó pamọ́. Bí ẹ bá kán áyódíìnì sí i, ẹ ó pe alààyè ní òkú. Ẹ lo àwọ̀ Alexander fún wọn: àtíkè tó ní nǹkan nínú á pọ́n bí àlùkò, èèpo òfìfo á di àwọ̀ ewé.

Àwọ̀ kò sì sọ pé àtíkè máa hù. Fún tòmátì àti irú rẹ̀, omi tí a fi ń mú àtíkè hù, ti Brewbaker àti Kwack (1963), ṣì ni mo fọkàn tán: nínú omi lítà kan, ṣúgà gíráàmù 100, ásíìdì bórìkì mílígíráàmù 100, kálísíọ̀mù náítíréètì 300, magnésíọ̀mù sọ́fétì 200, pọ́tásíọ̀mù náítíréètì 100. Ẹ wọ́n àtíkè sí i, ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ bá gùn ju ìbú hóró rẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ kà sí pé ó hù. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ fún ìrẹsì. Irú àtíkè bẹ́ẹ̀ ṣòro láti hù nínú omi, ó sì máa ń kú láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún tó bá ti kúrò nínú àpò rẹ̀.

Kókó_Sẹ́ẹ̀lì fèsì:

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bó bá jẹ́ 3 sí 1, igi 126 tó gbó àti àgàn 42 là ń retí nínú 168. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a retí àti ohun tí a rí jẹ́ 7; 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49. 49 ÷ 126 pẹ̀lú 49 ÷ 42 jẹ́ 1.56. Nínú ìdánwò chi-square tí a ń ṣe yìí, ààlà ìpín 5 nínú 100 jẹ́ 3.84, nítorí náà iye yín bá 3 sí 1 mu. Bí a bá fi ìpín tí jíìnì méjì máa ń fún ni wò ó, 9 sí 7 á fún wa ní 14.5; 13 sí 3 á fún wa ní 12. Méjèèjì kọjá ààlà, a lè gbàgbé wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń pín ní ìran yìí.

Ṣùgbọ́n 3 sí 1 kò sọ ibi tí ohun náà wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rí i, wọ́n á sì kéde pé "jíìnì ms, èyí tó ń sọ akọ di àgàn, inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀: ọmọ tó bá gba ms lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá á yàgàn, ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tó ń fún wa ní iye kan náà. Bí mitokọ́ńdríà ìyá bá jẹ́ irú tó ń pa àtíkè, tí ìyá náà sì ní jíìnì Rf tó ń dá agbára akọ padà, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ẹ fi àtíkè bàbá tí kò ní Rf sí i, ìran àkọ́kọ́ á gbó dáadáa torí Rf kan ti tó. Nínú ìran kejì, mitokọ́ńdríà ìyá wà lára gbogbo ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin kò sì ní Rf kankan. Wọ́n á yàgàn.

Ohun tí 3 sí 1 lé kúrò ni irú tí àtíkè kọ̀ọ̀kan fi jíìnì ara rẹ̀ yè tàbí kú, bíi BT ti ìrẹsì àti CMS-S ti àgbàdo (CMS ni àgàn akọ tí mitokọ́ńdríà ń fà). Níbẹ̀, àtíkè tí kò ní Rf ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ abo, gbogbo ọmọ ìran kejì ló máa ní Rf kan ó kéré tán, ẹ kò ní rí àgàn pátápátá láàárín wọn.

ÌrànKejì, ẹ sọ fún wa: ta ni ìyá, ta ni bàbá, ibo sì ni ìyá ti ṣẹ̀ wá?

ÌrànKejì dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìlà tí wọ́n ṣà láti ara ọmọ háíbíríìdì ọjà ni ìyá. Ó ti dúró ṣinṣin, gbogbo igi rẹ̀ ló ń gbó. Oríṣi àtijọ́ ni bàbá, kò sí háíbíríìdì nínú ìran rẹ̀. Ìran àkọ́kọ́ gbó láìkù síbì kan. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àtíkè àwọn àgàn wọ́, igun-igun ni, kò gba áyódíìnì rárá. Kò sí irúgbìn kankan nínú àpò.

Baba_Irúgbìn fèsì:

"Láti ara ọmọ háíbíríìdì": ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi.

Lọ́dún 1970, ní erékùṣù Hainan ní Ṣáínà, àwọn tó ń bá Yuan Longping, onímọ̀ ìrẹsì háíbíríìdì, ṣiṣẹ́ rí ìrẹsì igbó kan tí akọ rẹ̀ ti kú. Mitokọ́ńdríà igi yẹn, tí wọ́n ń pè ní WA, ni wọ́n gbé wọ inú ìrẹsì oko, wọ́n sì parí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí irúgbìn háíbíríìdì nílò lọ́dún 1973. Ọ̀pọ̀ jùlọ háíbíríìdì ìrẹsì oní-ìlà-mẹ́ta ló ṣì ń gbé mitokọ́ńdríà WA yìí kiri títí dòní. Jíìnì kan nínú rẹ̀, WA352, ń ṣe púrótéènì tó ń so mọ́ COX11, púrótéènì mìíràn nínú mitokọ́ńdríà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ àtíkè á tipa bẹ́ẹ̀ kú ṣáájú àkókò, àtíkè á sì wọ́ ní kékeré. Igun-igun tí kò gba àwọ̀, bí o ṣe rí i yẹn, ni àmì rẹ̀.

Ìyá ló ń fi mitokọ́ńdríà lé ọmọ lọ́wọ́, bàbá kì í fún ọmọ. Ẹni tó ṣa ìlà láti ara ọmọ háíbíríìdì, igi tó ń gbó ló ṣà, ìyẹn ni pé ó ṣa Rf mọ́ ọn láìmọ̀. WA wà nísàlẹ̀, Rf bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá tìrẹ kò ní Rf, ló bá hàn síta. Bó bá rí bí mo ṣe rò ó, bàbá yẹn kì í ṣe oríṣi àtijọ́ lásán mọ́: òun ni ìlà B, olùtọ́jú, tí àwọn àgàn yìí nílò.

Rò ó báyìí. Ìlà A ni àgàn: mitokọ́ńdríà WA, kò ní Rf. Ìlà B dà bíi rẹ̀ nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n mitokọ́ńdríà tirẹ̀ dára, nítorí náà ó ń bí ara rẹ̀. Àtíkè B sórí A, àgàn A mìíràn la ó kó. Ìlà R ló ní Rf. Àtíkè R sórí A ni irúgbìn tí àgbẹ̀ máa gbìn, tó sì máa gbó lóko rẹ̀.

Bí o ṣe máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí. Fi àtíkè bàbá yẹn sórí àwọn àgàn tó rúwé. Kò sí akọ tó o máa yọ. Gé orí èèpo òdòdó díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bò ó, kí o gbọn ṣírí bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sórí rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Bó bá gba irúgbìn, o ti mọ̀ pé abo rẹ̀ yè kooro. Gbin àwọn ọmọ náà. Bí gbogbo wọn bá yàgàn, mitokọ́ńdríà ni, bàbá sì ni B. Bí gbogbo wọn bá gbó, jíìnì ms ni. Bí ìdajì bá yàgàn, igi bàbá tí o lò ní Rf kan nínú méjì. Igi 20 láti ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan tó láti rí ìyàtọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Má da àtíkè igi bàbá púpọ̀ pọ̀ o. Oríṣi àtijọ́ máa ń ní àdàlù nínú: igi bàbá kan sí àgàn kan, kọ nọ́ńbà sí méjèèjì, kí o sì tọ́jú irúgbìn tí igi bàbá yẹn bí fún ara rẹ̀.

Ṣe ìdàkejì rẹ̀ náà: fi bàbá ṣe ìyá, kí o fi ìlà tó jẹ́ ìyá tẹ́lẹ̀ ṣe bàbá. Ti èyí, akọ gbọ́dọ̀ kú kọ́kọ́. Ri ṣírí bọ omi 43 °C fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òdòdó tó là, lo òdòdó tó bá là lẹ́yìn náà nìkan, gé èyí tó bá pa ẹnu dé kúrò. Bí àgàn kankan kò bá sí nínú ìran kejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Bó bá jẹ́ B ni, máa dá àtíkè rẹ̀ padà sórí ọmọ tó yàgàn jùlọ ní ìran kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdàpọ̀ àkọ́kọ́, ìdajì ohun inú kókó sẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ ti àlejò, ìdápadà kọ̀ọ̀kan á sì gé e sí méjì. Lẹ́yìn ìdápadà mẹ́fà, ìdá 1 nínú 128 ló kù, kò pé ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún. Níwọ̀n bí ìdajì àwọn àgàn tìrẹ ti jẹ́ ti B tẹ́lẹ̀, o ti gba ìdá díẹ̀ níwájú.

Àlùbọ́sà_Eléwé kọ:

Ohun tí Baba ṣàlàyé yìí, wọ́n ti rí i kedere lára àlùbọ́sà tipẹ́. Lọ́dún 1925, ní Davis ní California, Henry Jones rí igi kan nínú oríṣi Italian Red tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 13-53, tí kò bí irúgbìn kankan nígbà tí wọ́n bo òdòdó rẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé ó ń so àlùbọ́sà kéékèèké sórí òdòdó, ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbìn kó má bàa parẹ́. Lọ́dún 1943, Jones àti Clarke ṣàlàyé rẹ̀ tán: S (irú mitokọ́ńdríà tó ń pa àtíkè) pẹ̀lú ms méjì nínú kókó sẹ́ẹ̀lì (ìyẹn ni pé kò ní jíìnì tó ń dá agbára akọ padà) ni àgàn, N (mitokọ́ńdríà tó dára) pẹ̀lú ms méjì ni olùtọ́jú.

Ìṣòro àlùbọ́sà ni àkókò. Ọdún méjì ni láti irúgbìn dé irúgbìn, ojú kò sì lè dá olùtọ́jú mọ̀ láàárín àwọn tó ń gbó. Ẹ ní láti fi igi kọ̀ọ̀kan dàpọ̀ mọ́ àgàn, kí ẹ dúró de àwọn ọmọ. Àmì DNA mitokọ́ńdríà ti mú èyí rọrùn báyìí: ewé kékeré kan á sọ bóyá S ni àbí N nígbà tó ṣì wà nínú ẹbẹ̀, ẹ ó sì ti ju ọ̀pọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dàpọ̀ rárá.

Kókó_Sẹ́ẹ̀lì fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún Baba, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta jẹ́ ẹrù wúwo fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Ẹ wá B, ẹ wá R, ẹ máa tọ́jú A lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ oríṣi tó dára kò jẹ́ B, kò jẹ́ R. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìlà méjì: àgàn tí ojú ọjọ́ ń darí, àti bàbá. Lọ́dún 1973, Shi Mingsong rí igi ìrẹsì kan ní agbègbè Hubei, Nongken 58S, tó ń yàgàn nígbà tí ọ̀sán bá gùn tó sì ń gbó nígbà tí ọ̀sán bá kúrú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àwọn tí ooru ń darí. Ẹ gbìn ín síbi tó móoru, àgàn ni, oríṣi yòówù ló sì lè ṣe bàbá rẹ̀, torí jíìnì kan láti ọ̀dọ̀ oríṣi tó pé ti tó láti mú ọmọ gbó. Ẹ gbìn ín síbi tó tutù, ó bí ara rẹ̀. Kò sí B, kò sí wíwá Rf kiri.

Baba_Irúgbìn fèsì:

Òótọ́ lo sọ lórí ẹrù náà. Ṣùgbọ́n wo ewu rẹ̀. Àwọn tí ooru ń darí yìí ní ààlà, ọ̀pọ̀ wọn wà nítòsí 24 °C. Bí òtútù ọjọ́ mélòó kan bá bọ́ sí àsìkò tí àtíkè ń dàgbà, àgàn á gbó fúnra rẹ̀ láàárín oko, irúgbìn ìyá á dàlú mọ́ irúgbìn háíbíríìdì nínú ṣírí kan náà, ojú kò sì lè yà wọ́n. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1989 ní Ṣáínà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn tutù. Ààlà yẹn tún máa ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran: igi tí ààlà rẹ̀ ga, tó nílò ooru púpọ̀ kó tó yàgàn, ló ń bí irúgbìn púpọ̀ jù níbi tó tutù, òun ló sì máa gba oko bí ẹ kò bá ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ọdún púpọ̀ fún ilẹ̀ náà, kó sì ṣètò ọjọ́ ìfúnrúgbìn kí ọjọ́ eléwu má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ṣírí.

Mitokọ́ńdríà WA kò ka ojú ọjọ́ sí bẹ́ẹ̀. Fún ÌrànKejì, tí A àti B fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, tí ìlà ìyá rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ní Rf nínú, ìlà mẹ́ta ni kó dì mú.

Àtíkè_Òdòdó kọ:

Mo fara mọ́ Baba, ṣùgbọ́n kí gbogbo oko orílẹ̀-èdè kan má gbé orí mitokọ́ńdríà kan ṣoṣo o. Ohun tó dé bá àgbàdo Amẹ́ríkà lọ́dún 1970 kò yẹ kó ṣú wa lójú. CMS-T, irú ti Texas, ni wọ́n ń lò káàkiri torí pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ fífi ọwọ́ já akọ òdòdó orí àgbàdo. Lọ́dún yẹn, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo ilẹ̀ náà ló ní in. Àrùn èbu ewé àgbàdo, ẹ̀yà T, jà, ó sì jẹ nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè gbogbo ilẹ̀ náà.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé jíìnì kan náà ló fa méjèèjì. T-urf13 inú mitokọ́ńdríà ń ṣe púrótéènì kan tó ń jókòó sára awọ inú mitokọ́ńdríà. Òun ló ń pa àtíkè. Oró tí èbu náà ń tu á so mọ́ púrótéènì yìí gan-an, á sì ṣí ihò sí awọ náà, agbára sẹ́ẹ̀lì á dà nù. Ẹ kò lè mú àgàn náà kí ẹ fi àìsàn náà sílẹ̀. Rf kò sì gbà á, torí ewé igi tó ní Rf ṣì ń ṣàìsàn. Láti Philippines ni ìkìlọ̀ ti kọ́kọ́ wá, lọ́dún 1961, kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Sunflower ṣì gbára lé mitokọ́ńdríà àgàn PET1 tí Leclercq rí lọ́dún 1969 jù. Ọkà bàbà ní mitokọ́ńdríà A1, láti ara ìdàpọ̀ Milo àti Kafir tí Stephens àti Holland kéde lọ́dún 1954, bẹ́ẹ̀ ni A2 àti A3 wà nílẹ̀ tí a kò lò tó. Òtílí gba mitokọ́ńdríà A4 láti ara ìbátan rẹ̀ nínú igbó, Cajanus cajanifolius. Ẹni tó bá ń kọ́ ìlà A lónìí, kó máa kọ́ ọ sórí mitokọ́ńdríà méjì.

Ìyá_Bàrà béèrè, ó sì fi kún un:

Mo ń bá yín bọ̀ láti òkè. Àgàn tí ẹ̀ ń sọ yìí, akọ nìkan ló kú nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń gbin bàrà olómi aláìníhóró tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má rò pé ohun kan náà ni.

Ti bàrà olómi, iye kúrómósómù ni. Bàrà gidi ní 22, ọ̀wọ́ méjì. Bí a bá kán kólíkísìnì, oògùn tó ń sọ kúrómósómù di ìlọ́po méjì, ìpín 0.2 nínú 100 sí ọmú irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ewé àkọ́kọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta (ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oró ni), díẹ̀ nínú wọn á di ọ̀wọ́ mẹ́rin, 44. Igi ọ̀wọ́ mẹ́rin yìí ni ìyá, ọ̀wọ́ méjì ni bàbá. Ẹ kò lè yí i padà: bí ọ̀wọ́ méjì bá ṣe ìyá, irúgbìn rẹ̀ á ṣófo. Ọmọ wọn ní 33. Nígbà tó bá fẹ́ pín kúrómósómù fún ẹyin àti àtíkè, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n wà ní ọ̀nà 11, ẹ̀gbẹ́ kan á gba méjì, èkejì á gba ọ̀kan. Kí ẹyin kan tó gba ọ̀kan-ọ̀kan ní gbogbo ọ̀nà, tàbí méjì-méjì ní gbogbo ọ̀nà, ìdá 1 nínú 1,024 ni. Ìyẹn ni kò fi sí hóró nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń gbìn ín máa ń gbàgbé ni pé àtíkè tirẹ̀ kò tó láti mú èso dúró. Ẹ gbin bàrà ọ̀wọ́ méjì kan sí mẹ́ta aláìníhóró, kí èèpo rẹ̀ yàtọ̀ kí ẹ lè yà wọ́n níkòórè, kí kòkòrò oyin sì wà. Láìsí bẹ́ẹ̀, èso á bọ́ ní kékeré. Irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú kì í fẹ́ hù: èèpo rẹ̀ nípọn, ọmọ inú rẹ̀ kéré. Ẹ gbé e sí 30 sí 32 °C, kí ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀ láìsí omi púpọ̀, torí omi ló ń pa á jù. Ẹ kọ orí ṣóńṣó rẹ̀ sókè kí èèpo má bàa lẹ̀ mọ́ ewé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, nǹkan bíi wákàtí 48, ẹ mú un wá sí 21 sí 24 °C.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní 33 bákan náà, ọ̀wọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò nílò àtíkè kankan kó tó so, èso rẹ̀ ń wú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oríṣi tuntun máa ń fi àtíkè ọ̀wọ́ méjì sórí rẹ̀, hóró díẹ̀ ló máa ń rí, ó sì ní láti yọ ọmọ inú hóró náà sínú ìgò oúnjẹ ní yàrá ìwádìí kó tó kú.

Ìbéèrè mi sí Baba: ìlà A ti WA máa ń há ṣírí rẹ̀ sínú ewé ìkẹyìn. Kí ni kí ÌrànKejì ṣe sí i?

Baba_Irúgbìn fèsì:

Ìyá, ẹ ṣeun, ìbéèrè gidi ni. Ọrùn ṣírí A kì í gùn tó, ìdá kan nínú rẹ̀ á wà nínú ewé, àtíkè kò sì ní débẹ̀. Họ́mónù GA3 la fi ń mú un jáde. Kì í yọ́ dáadáa nínú omi, nítorí náà yọ́ gíráàmù kan nínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìpín 75 nínú 100, bíi mílílítà 25 sí 40, kó tó wọ omi ìfọ́n. Gíráàmù 45 sí 60 fún hẹ́kítà kan tó nílẹ̀ olóoru. Fọ́n in nígbà tí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírí bá ti yọ: ìdá 40 lọ́jọ́ kìíní, 60 lọ́jọ́ kejì. Bó o bá tètè fọ́n in, igi lásán ló máa ga, á sì ṣubú. Bó o bá pẹ́, ọrùn ti gan.

Poro R méjì sí poro A mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí poro kọ ẹ̀gbẹ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú R kọjá sí A. Fi okùn tàbí ọ̀pá gbọn R ní ìṣẹ́jú 30 sí 30 nígbà tí òdòdó bá là, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Oko ìrẹsì mìíràn gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 100 ó kéré tán, tàbí kó tànná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Fún A pẹ̀lú B, jẹ́ kó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àbàwọ́n ibẹ̀ máa wọ gbogbo háíbíríìdì tó bá ti ara rẹ̀ jáde. Rántí pé B máa ń tànná ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú A, nítorí náà fún B lẹ́yìn A, ní ìgbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, kí àtíkè má tán kí A tó là tán.

Iṣẹ́ tó kù ni ìṣọ́. Igi B tó bá ṣèèṣì wọ poro A ló ń ba irúgbìn jẹ́ jù. Ṣírí rẹ̀ á jáde tán, á yọ ṣáájú, àpò àtíkè rẹ̀ á pọ́n, á sì wú, nígbà tí ti A funfun tó sì tín-ín-rín. Rìn ín láàárọ̀ kí òdòdó tó là, lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ṣírí àkọ́kọ́ bá ti hàn. Bó o bá rí i, hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó o sì gbé e kúrò lóko. Bó o bá gé e lásán, á rúwé padà, ṣírí rẹ̀ kejì á sì tàn síbẹ̀.